Ojú láptọ́ọ̀pù ṣókùnkùn lẹ́yìn mẹ́nù Linux: ṣé bọ́ọ̀dù ló jó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Sángo ni mò ń gbé. Mo fẹ́ fi Ubuntu, irú Linux kan, sórí láptọ́ọ̀pù mi tó ní káàdì àwòrán NVIDIA. Ètò Windows kan tó ń jẹ́ Rufus ni mo fi gbé e sórí fláàṣì. Mẹ́nù yọ, mo yan “Try or Install Ubuntu”, àmì Ubuntu hàn fírí, ni ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn biribiri. Fáànù ṣì ń yí. Windows ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀ ní bọ́ọ̀dù ti ń jó lọ, pé kí n jẹ́ kí òun flash BIOS, ìyẹn ni pé kí òun tún ètò tó ń jí ẹ̀rọ kọ, bí ìyẹn ò bá gbọ́, kí n ra bọ́ọ̀dù. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ti jó ni, Windows ò ní ṣí, mẹ́nù tó o rí yẹn náà ò ní yọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí àwọn ọmọ tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ òbí ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀dù dẹ́rù bà.

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá tan ẹ̀rọ, UEFI, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ṣì ń pè ní BIOS, ló kọ́kọ́ ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ. GRUB, ètò kékeré tó ń pe Linux wọlé, ló gbé mẹ́nù náà jáde fún ọ lórí àwòrán tí UEFI ṣe sílẹ̀. Bí o bá ti tẹ Enter, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, á wọlé, á gba ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́ UEFI, á sì fà á lé dráífà, ètò tó ń darí káàdì àwòrán, lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn yìí ni tìrẹ ti há. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń yí iná kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sí iná ìjọba: bí kò bá yí délẹ̀, ilé á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n gílóòbù ò jó.

Dráífà tí Ubuntu sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lórí NVIDIA ni nouveau. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí ìwé ìlànà gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ NVIDIA. Ṣe ni wọ́n ń wo ìṣe káàdì, tí wọ́n ń fi òye gbé e. Ó mọ káàdì kan dáadáa, òmíràn kì í gbọ́ tirẹ̀, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Tan ẹ̀rọ padà pẹ̀lú fláàṣì. Bí “safe graphics” bá wà nínú mẹ́nù, òun ni kí o yan. Bí kò bá sí, dúró lórí “Try or Install Ubuntu”, má tẹ Enter, tẹ lẹ́tà e. Wá ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, wàá rí ìlà kékeré mẹ́ta, ---. Kọ nomodeset síwájú wọn, kí àlàfo wà lọ́tùn-ún lósì. Pa quiet splash rẹ́ tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa kọ ohun tó ń ṣe síta. Tẹ F10 tàbí Ctrl+X.

Ohun tí nomodeset ń sọ fún kernel ni pé kó má fọwọ́ kan ètò ojú ẹ̀rọ, kó máa lo èyí tí UEFI ti ṣe sílẹ̀. Àwòrán lè tóbi jù, ó sì lè máa lọ́ra. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí o bá fi Ubuntu sórí díìsìkì tán, tó tún ṣókùnkùn, kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ìparí ìlà linux nínú mẹ́nù rẹ̀. Bó bá wọlé, so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ṣí Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kọ sudo ubuntu-drivers install láti gba dráífà tó bá káàdì rẹ mu, kí o sì tún ẹ̀rọ tan. Má fi nomodeset síbẹ̀ títí láé o.

Ní ti flash BIOS: a máa ń ṣe é bí ìdí gidi bá wà, pẹ̀lú fáìlì tó wá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, fún módẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an. Iná ò gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀. Ìbàdàn la wà. Bí bátìrì bá ti kú, tí iná sì lọ ní ìdajì, bọ́ọ̀dù tí nǹkan kan ò ṣe á wá kú lóòótọ́. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí: iná bọ́tìnnì ń tàn, fáànù ń fẹ́, ojú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Linux tó kọ̀ láti ṣí nìkan ni ọmọ tó ni ín tìtorí rẹ̀ gbé e jáde nílé.

Wọ́n á tún ní kí o pa Secure Boot, ètò UEFI tó ń yẹ ohun tó fẹ́ tan ẹ̀rọ wò kó tó gbà á láàyè. Fláàṣì rẹ ti kọjá ibẹ̀, mẹ́nù ti yọ. Bí Windows rẹ bá ní BitLocker, èyí tó ń ti díìsìkì pa, tó o sì lọ ń yí ètò yẹn padà, ó lè béèrè recovery key, nọ́ńbà gígùn tó ń ṣí i, kó tó jẹ́ kí o wọlé, nítorí náà kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkankan.

Bí o bá rí squashfs error tàbí I/O error lójú ẹ̀rọ, káàdì kọ́ nìyẹn mọ́. Fáìlì tó o wà jáde ló gé, bóyá dátà tán láàárín, tàbí kó jẹ́ fláàṣì ni kò dára. Lórí Windows, ṣí Command Prompt, kọ certutil -hashfile pẹ̀lú orúkọ fáìlì àti SHA256, á fún ọ ní nọ́ńbà gígùn kan. Fi wé èyí tí Ubuntu fúnra wọn gbé jáde; bí wọn ò bá bára mu, fáìlì ti bàjẹ́. Fláàṣì tí wọ́n kọ 64GB sí lára lè má ní tó bẹ́ẹ̀ nínú. H2testw, ètò Windows tó ń yẹ fláàṣì wò, á tú u fó.

Mi ò fojú rí ẹ̀rọ rẹ o. Bó bá ń ṣókùnkùn nínú Windows náà, tàbí kó máa yọ ìlà gbọọrọ-gbọọrọ sójú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. “Try” kì í fọwọ́ kan díìsìkì rẹ, ṣùgbọ́n “Erase disk” á gbá Windows àti iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ dànù, torí náà da gbogbo fáìlì rẹ kọ síbòmíràn ṣáájú. Bó bá ṣì kọ̀, fi fóònù ya ìlà tó gbẹ̀yìn lójú ẹ̀rọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ sí ìdí láptọ́ọ̀pù náà.