Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Gbọ̀ngàn, Aró àti Igi Tútù

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń múra eré orin, àsọyé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga káàkiri Èkìtì ló ti wá. A mú mẹ́fà nínú wọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. 40 ni àwa akọrin, a ní gángan méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti píánò. Ògiri símẹ́ńtì ni gbọ̀ngàn wa, páànù ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a ṣeré kẹ́yìn, màíkì ń han gooro, àwọn èèyàn sì ní àwọn kò gbọ́ ohun tí a kọ. Kí ni ká ṣe kí tọdún yìí tó dé? (Olùkọ́ orin, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látara ògiri. Símẹ́ńtì kì í mu ohùn, ńṣe ló ń dá a padà. Ẹ dúró láàárín gbọ̀ngàn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá lè rọra ka ení, èjì kí ìró náà tó kú, ọ̀rọ̀ orin yóò máa gun orí ara wọn níbẹ̀. Ẹ wá kọ́tìnnì tó nípọn tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi kọ́ sára ògiri tó dojú kọ akọrin. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri o. Ẹ fi àlàfo bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín, torí aṣọ tó jìnnà díẹ̀ sí ògiri ló ń mu ohùn jù. Ara èèyàn náà ń mu ohùn. Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn òfìfo fi máa ń dún ju èyí tó kún lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ gbọ́ nígbà ìgbáradì kó ìpayà bá yín.

Ti màíkì: ohùn tó ti ẹnu sípíkà jáde ló tún ń wọ màíkì padà, tó tún jáde, tó tún wọlé, títí yóò fi di igbe. Iwájú akọrin ni kí sípíkà wà, kó kọjú sí àwọn èèyàn, kó kẹ̀yìn sí màíkì. Màíkì méjì tàbí mẹ́ta tó fún 40 akọrin. Ẹ gbé wọn sókè níwọ̀n orí àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn, kí wọ́n sì jìnnà sí ìlà iwájú tó mítà kan. Màíkì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un ń mú igbe yẹn súnmọ́ tòsí. Gángan kò nílò màíkì rárá. Ẹ mú onílù lọ sí ẹ̀gbẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlù ni màíkì akọrin yóò máa gbé. Ojú ọjọ́ sì ń yí gángan padà: nígbà òjò, awọ rẹ̀ ń rọ̀, ohùn á wálẹ̀, nígbà ọyẹ́, awọ ń gbẹ, ohùn á gòkè. Píánò ò ní tẹ̀lé e. Kí onílù jókòó ti píánò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ìlù rẹ̀ síbi tí orin wà. Bí awọ bá rọ̀, ẹ sá a sóòrùn díẹ̀. Ẹ má gbé e ti jẹnẹrétọ̀, ooru ibẹ̀ lè fà á ya.

Ẹ̀kẹta ló ká wa lára jù, torí kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn: ọkọ̀ tí a wọ̀ á di ọkọ́ tí a fi ń roko, ìgbà á di igbá. Ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ orin ìsìn àtijọ́ gan-an nìyẹn, nígbà tí wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ẹnìkan tí kò gbọ́ orin yín rí, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ló dára jù, ẹ kọ ọ́ sí i létí láìlo màíkì, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ibi tí ìwé rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tiyín, ohùn orin ni kí ẹ tún ṣe níbẹ̀, ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi.

Oṣù wo, ọjọ́ wo ló dára jù fún eré orin? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì)

Ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé. Lábẹ́ páànù, òjò tó le lè bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀ pátápátá, tòun ti sípíkà. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá lòjò ń rọ̀ ní Èkìtì, ọ̀sán sí alẹ́ ló sì sábà máa ń dé. Ìdajì kejì oṣù Kọkànlá wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló wù wá jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò sì tíì gbẹ ọ̀fun akọrin. Kí ẹ tó tẹ pósítà, ẹ ránṣẹ́ sí ààfin. Ọdún ìlú, tàbí ọjọ́ orò tí obìnrin kì í jáde, lè bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ mú, ẹ ò sì ní rí i nínú kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ sá fún Sátidé. Ìnáwó àti ìsìnkú ti gbà á tán.

30 èèyàn fẹ́ wá kọ́ àdìrẹ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí a dán an wò, aró kò mú aṣọ. Gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ nígbà tí a fọ̀ ọ́. Níbo la ti ṣì í? (Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, Adó-Èkìtì)

Bó bá jẹ́ aró oyìnbó ni ẹ lò, ẹ wo àwọ̀ omi rẹ̀. Aró búlúù tó ti jinná kì í jẹ́ búlúù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni omi yẹn máa ń ní, fọ́ọ̀mù tó ń dán bíi bàbà á sì léfòó lójú rẹ̀. Bí omi bá ṣì jẹ́ búlúù kedere, aró kò tíì yọ́, orí aṣọ lásán ló bà lé, omi àkọ́kọ́ ló sì máa gbé e lọ. Háídírósì, kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ aró, ló ń yọ́ ọ: ó ń yí aró padà sí irú tó lè yọ́ nínú omi, kí ó lè wọnú òwú. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ ìta á dá a padà sí búlúù nínú òwú yẹn, kò sì ní lè jáde mọ́. Háídírósì tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kú. Èyí tí wọ́n dé pinpin ni kí ẹ rà.

Fún yáàdì márùn-ún, ẹ wá nǹkan bí lítà 10 omi gbígbóná tí kò hó. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan aró, ṣíbí kan kọ́sítíìkì (sódà líle tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ), ṣíbí méjì háídírósì. Àwọ̀ tí kò dúdú jù lèyí máa fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú sí i, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po méjì. Ẹ po aró pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ títí kò fi ní kókó. Nínú ike mìíràn, ẹ bu omi tútù, kí ẹ wá máa wọ́n kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé, ó lè hó kó ta sójú èèyàn. Ẹ da méjèèjì sínú omi ńlá, kí ẹ fi háídírósì kẹ́yìn, ẹ rọra rò ó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ike tàbí irin tí kò ń dípẹtà ni kí ẹ lò. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ́mù.

Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ tuntun pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, torí sítáàṣì ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí aró wọlé. Kí ẹ tó ra aṣọ rárá, ẹ fa òwú kan nínú rẹ̀, ẹ fi iná sí i: òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú, èyí tó bá yọ́, tó di kókó líle, aró yìí kò lè mú un. Ẹ rẹ aṣọ tí ẹ ti dì, ẹ fún un, kí ẹ tó tì í sábẹ́ omi. Ogún ìṣẹ́jú ni kó lò níbẹ̀, kí ẹ máa yí i nísàlẹ̀ láìgbé e jáde. Nígbà tí ẹ bá gbé e síbi òjìji, ẹ dúró wò ó: bí ewé tútù ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà búlúù á bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ, á máa rìn wọ àárín lójú yín. Ẹ jẹ́ kó ṣe tán kí ẹ tó tú ìdì rẹ̀.

Yáàdì kan ni kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà nìyẹn, aró ṣíbí mẹ́fà, kọ́sítíìkì mẹ́fà, háídírósì méjìlá. Ẹ rà á kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀ fún ìdánwò. Ọjọ́ kìíní fún dídì, ọjọ́ kejì fún rírẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà 30, ìta gbangba ni iṣẹ́, kí omi má sì kan háídírósì nínú àpò, torí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Ihò tó jìnnà sí kànga ni kí ẹ da omi aró sí.

A fẹ́ mú gbẹ́nàgbẹ́nà wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Kí nìdí tí ère fi máa ń là, báwo la sì ṣe máa pín iṣẹ́ náà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsẹ̀-Èkìtì)

Igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń lò torí ó rọ̀ lábẹ́ irin. Ara rẹ̀ níta ń yára gbẹ, ó ń sún kì. Inú ṣì tutù, kò gbà á láyè, ni ìta bá là. Àárín gbùngbùn igi ló burú jù. Ẹ la ìtì náà sí méjì, kí ẹ gbẹ́ apá kan tí àárín yẹn kò sí nínú rẹ̀. Lálẹ́, ẹ fi àpò tútù wé e, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Bó bá parí, yàrá tí oòrùn kò dé ni kó ti gbẹ, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ti ìpín iṣẹ́, ọ̀nà wà nílẹ̀. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, Father Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà jọ. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, gbajúmọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àreògún. Ìpele tí Carroll rí lọ́wọ́ wọn, tó kọ sílẹ̀, mẹ́rin ni: ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára, àlétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ, dídán, àti fínfín, tí ọ̀bẹ fi ń kọ ilà àti irun. Ẹ fi ọjọ́ kìíní pọ́n irin, kí ẹ fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan. Aṣiṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n á ti fẹ́ máa fín ojú nígbà tí orí kò tíì dúró dáadáa. Àwo kékeré tàbí ṣíbí igi ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá kan má sì mú ju ọmọ mẹ́fà lọ.

Ìlú yín, Ìsẹ̀, ni Ọlọ́wẹ̀, ògbóǹtarìgì gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé títí ó fi kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924. British Museum fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Kábíyèsí. Ẹ lẹ àwòrán ilẹ̀kùn náà mọ́ ògiri níbi iṣẹ́, kí àwọn ọmọ rí bí àwọn ère ibẹ̀ ṣe yọ síta tó lára pákó.

A fún ẹni tó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ère Ẹ̀pà (ère igi tí wọ́n ń gbé sórí jó nígbà ọdún Ẹ̀pà) ní wákàtí méjì. Ṣé ó pọ̀ jù? (Ọyẹ́-Èkìtì)

Ó pọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀rọ̀, ọgbọ̀n fún ìbéèrè. Bí ẹbí tó ni ère bá fọwọ́ sí i, ẹ gbé ọ̀kan sórí tábìlì, kí àwọn èèyàn rí i pé orí tó dà bí ìkòkò nísàlẹ̀ àti àwọn èèyàn tó dúró lé e lórí, ìtì kan ṣoṣo ni. Àwòrán lójú ògiri kì í fi bó ṣe wúwo tó hàn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì tú wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣàn sílẹ̀ tán, torí èyí tó ká jọ máa ń gbóná títí á fi yọ́.

Ṣé ká gba owó? (Adó-Èkìtì)

Ẹ má gba kọ́bọ̀ fún àsọyé. Fún àdìrẹ àti igi gbígbẹ́, ẹ gba owó ohun èlò ṣáájú, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó ń dúró sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì san nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àyè rẹ̀ fún ẹni tó kàn.