Orúkọ àárín ọmọ wa fẹ́ dá ìjà sílẹ̀

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo bí ọkùnrin, lẹ́yìn ọdún méje tí a ti fẹ́ra. Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò sí Olúwadémiládé. Orúkọ àárín ló kù. Olúwatóbilọ́ba ni ọkọ mi ń wí, Jayden ló wù mí. Màmá ọkọ mi, tí bàbá kú mọ́ lọ́wọ́ lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, Babátúndé nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Lẹ́tà A ni orúkọ ìdílé wa fi bẹ̀rẹ̀. Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Ìyá Ìkókó, Àpáta, Ìbàdàn."

Ìyá Ìkókó, o kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí o ò fẹ́ gbọ́. Nínú orúkọ mẹ́ta yìí, ẹ̀yin lẹ ronú kan méjì. Ìkẹta, ọmọ ló gbé e wá. Bàbá lọ, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ọkùnrin wọlé: ṣé ìyẹn la ó máa dìbò lé lórí? Bí ẹ tiẹ̀ kọ Jayden sínú ìwé, lọ́jọ́ tí màmá bá pọ̀n ọ́n, Babátúndé ni wọn ó máa pè é, gbogbo àdúgbò á sì gbà á lẹ́nu wọn.

Tóbilọ́ba dára, àmọ́ Olúwa méjì ló tò tẹ̀ léra wọn yẹn. Dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, fi ohùn ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná lórí iná pè é: "Olúwadémiládé Olúwatóbilọ́ba!" Kí o tó pè é tán, ọmọ ti dé Mọ́kọ́lá. Kí ọkọ rẹ má bínú. Lọ́jọ́ ìkómọ, tí wọ́n bá gbé abọ́ omi kalẹ̀, kó sọ owó sí i, kó sọ ọmọ ní Tóbilọ́ba. Ìwọ náà sọ tìrẹ, Jayden ò lófin (Jédíìnì ni màmá máa pè é ṣá). Oríkì ńkọ́? Ọmọ tí ẹ fi ọdún méje wá, Àjàní ni n bá pè é, ẹni tí a jà kí a tó ní. Àwa ará Ìbàdàn kì í fi oríkì pamọ́ sílé: Lamidi Àrìyíbí Àkànjí Adédibú, olóṣèlú wa ọjọ́un, ta ló gbàgbé Àkànjí níbẹ̀?

Ìwé gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí ẹ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe máa tò, kó má yí padà ní NIN, kó má yí padà ní WAEC. Bàbá wa kọ Adéwálé ṣáájú Olúṣẹ́gun fún àbúrò mi. Òun dé ilé ìwé, ó yí i po, torí Ṣẹ́gun ló ń dùn lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí iṣẹ́ dé, kóòtù Ìyágankú ló ti lọ búra, ó tún sanwó ìkéde sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ yẹ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. O.D.E. ni ti ọmọ kíláàsì wa kan. Láti ọjọ́ tí tíṣà ti kà á jáde, Ọ̀dẹ̀ la pè é títí a fi ṣe ìdágbére. Mo ti to ti ọmọ rẹ wò: Olúwadémiládé, Babátúndé, A. O, B, A. Lọ fi han ọkọ rẹ tó ń wá ọba.