Gángan tí o sun kì í ṣe tìrẹ

Ta ló ni gángan tí o dáná sun?

Ìbéèrè mẹ́ta lo kọ sí mi, kò sì sí èyí tó kan gángan náà nínú wọn. O fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ti di àtúnbí lè fi irú ìlù tó fi ń kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì kọrin ìyìn. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o pa orúkọ ìtàgé rẹ tì. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o yọ gbogbo orin rẹ àtijọ́ kúrò lórí YouTube. Lẹ́tà rẹ gùn, mo sì kà á tán. Kí àwọn yòókù lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, màá sọ ọ́ ní ṣókí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọ́, Ìbàdàn lò ń gbé. Láti ìgbà tí o ti jáde girama lo ti ń fi òru kọrin: Jímọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, Sátidé lóde ìnáwó, Sọ́ńdè di ọjọ́ oorun. Ọtí, igbó, obìnrin, o kò fi ọ̀kan pamọ́ fún mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin mú ọ lọ sí ìsọjí kan, ọ̀rọ̀ ìwàásù gún ọ lọ́kàn, o sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, o kò sì padà sí hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ọ lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹ̀rí rẹ. Wéré lo sáré kọjá níbẹ̀. Pásítọ̀ ní kí o kó gbogbo irinṣẹ́ ayé àtijọ́ wá síwájú ìjọ, ẹ da kẹrosíìnì sí i, ẹ ṣáná sí i, "títí kan gángan tí bọ̀ọ̀dá onílù mi jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó máa ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi." O ní láti ìgbà náà bọ̀ọ̀dá ò gbé fóònù rẹ mọ́, pé inúnibíni ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá onígbàgbọ́. Bí o ṣe sọ ìyẹn tán lo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ orúkọ ìtàgé.

Ọmọ mi, ta ló ń ṣe inúnibíni sí ta?

Ọkùnrin kan fi ohun tó fi ń jẹun sílé rẹ nítorí ó fọkàn tán ọ. O gbé e jáde láìbi í, o sun ún lójú àwọn èèyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ó gbọ́, inú bí i, kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Ìbínú rẹ̀ lo wá sọ di àgbélébùú tí ò ń rù. Èyí bí mi nínú ju gbogbo ọtí àti obìnrin tí o kà sílẹ̀ lọ, torí àwọn yẹn o ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èyí ni o kò tíì mọ̀.

Kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá sọ fún ọ ohun tí gángan jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ láti ara igi apá kò pọ̀ nílùú mọ́. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti há tó fi fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ọsán awọ ni wọ́n fi so ojú kan mọ́ èkejì, ọsán yẹn ni onílù ń fún lábẹ́ abíyá tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Awọ lè bẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ọsán lè já, wọ́n á so òmíràn. Igi tí bàbá lù títí tó fi kú, tí ọmọ gbà tó ń lù, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mọ ìlù náà, abíyá rẹ̀ mọ ibi tó ti ń le àti ibi tó ti ń rọ̀. Tí o bá ra tuntun fún un lónìí, yóò pẹ́ kí òun àti ìlù náà tó gbọ́ ara wọn.

Wá wo bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Ọ̀fun rẹ ni ohun èlò tìrẹ wà. O fi hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó bá ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà lo fi ń darí ìyìn báyìí. Onílù tí kò nílù ńkọ́? Ta ni yóò pè é sóde? Ìwọ tìkára rẹ lo kọ ọ́ pé bọ̀ọ̀dá ló ń fi oríkì gbé olówó dìde lórí ìjókòó, pé tó bá ti fi gángan pe èèyàn ní orúkọ bàbá rẹ̀, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Àpò ta ni owó yẹn ń bọ́ sí? Tìrẹ, ìwọ lo wá ń pín in. Oṣù Kọkànlá lẹ sun ìlù náà. O mọ ohun tí Oṣù Kejìlá jẹ́ fún onílù: ìgbéyàwó lọ́tùn-ún, ìsìnkú lósì, àwọn tó ti òkè òkun dé tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa náwó fún. Ìwọ lo fínnúfíndọ̀ fi òde sílẹ̀ ní tìrẹ. Òun, o gba òde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì dàgbà jù ọ́ lọ, ó níyàwó nílé, o pè é ní bọ̀ọ̀dá nínú lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. O kọ ọ́ pé Corolla tí o fi owó òde rà lo fi ń gbé àwọn akọrin lọ sílé lẹ́yìn ìdánrawò. Ṣé mọ́tò kì í ṣe irinṣẹ́ ayé àtijọ́? Òun kọ́ ló ń gbé ọ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ Jímọ̀? Kò jóná. Mi ò sọ pé kí o lọ sun ún. Mò ń sọ pé nígbà tí iná ń jó, o mọ ohun tó wọ́n lójú rẹ, o sì mọ bí o ṣe pa á mọ́. Ohun tó wọ́n lójú ẹlòmíràn lo rí fi rúbọ.

Pásítọ̀ rẹ fi Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Padà lọ kà á, kí o fara balẹ̀. Ní Éfésù, àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ òkùnkùn kó ìwé wọn jọ, wọ́n sun ún lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ṣírò iye rẹ̀, ó tó 50,000 owó fàdákà. Ìwé ta ni? Ìwé tiwọn. Kò sí ẹni tó lọ yọ ìwé aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti àpò wọn ni 50,000 yẹn ti lọ, ìyẹn ni ẹ̀rí wọn fi ní ìwọ̀n. Ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà náà, ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù tí àwọn èèyàn ń kó òògùn àti òrìṣà wá fún sísun, ohun tó wà nílé wọn ni wọ́n ń kó wá.

Bíbélì kan náà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó dá iná tí iná sì jó ohun ẹlòmíràn. Ẹ́kísódù 22, ẹsẹ 6. Ẹni tó dá iná ni yóò san án. Ṣé wọ́n ka ìyẹn fún ọ lọ́jọ́ ẹ̀rí? Sákéù tí gbogbo wa ń kọ orin rẹ̀ láti kékeré, tó gun igi kó lè rí Jésù, nígbà tó dìde dúró, ó ní òun á fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun ìní òun, ó sì mẹ́nu ba gbèsè: ẹni tí mo bá ti rẹ́ jẹ, màá san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yìn gbólóhùn yẹn ni Olúwa tó sọ pé ìgbàlà wọ ilé náà lónìí. Ka Lúùkù 19, wo èyí tó ṣáájú.

Ìdí tí mo fi yọ lẹ́tà tìrẹ láàárín ọ̀pọ̀ ni pé mo ti ń rí irú rẹ̀ tipẹ́. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi pé òun ò fún ìyá ọmọ òun lówó oúnjẹ mọ́, nítorí inú ẹ̀ṣẹ̀ lòun ti bá a pàdé, òun sì ti di ẹ̀dá tuntun. Ọmọ náà ń jẹun nígbà tí òun wà nínú ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàlà dé, ebi dé. Obìnrin kan ní àjọ àwọn èèyàn tí òun kó jẹ, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ nù. Ọlọ́run lè dárí jì í. Àwọn tó dá àjọ ṣì fẹ́ owó wọn, torí owó ilé-ìwé ọmọ ni. Inú ń bí mi sí ìgbàgbọ́ tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa san owó rẹ̀.

O ti ń múra láti sọ fún mi pé ìlù àjogúnbá ni, pé ẹ̀mí ìdílé Àyàn wà nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá náà ń kírun, o sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ. Ó ń kí Ásúbà kó tó sùn tí ẹ bá ti òde dé. Ká tilẹ̀ ní ó ń bọ ìlù náà, ìlù rẹ̀ ṣì ni. Ìgbàlà tìrẹ kò sọ ọ́ di olówó ohun ìní rẹ̀. Ẹ sì yé fi gángan dẹ́rù ba ara yín. Wọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tàbí CAC lọ́jọ́ ìkórè, kí o gbọ́ ohun tí ń dún. I. K. Dáírò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, gángan ń sọ̀rọ̀ nínú orin rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, Canon J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti gbé orin ìsìn ní ohùn Yorùbá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ ọ́ sínú àwo ní 1922, nígbà tó jẹ́ pé ohùn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń kọrin.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ti wà nínú ìyẹn, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ kò rìn ín bákan náà. Chris Okotie fi ìtàgé sílẹ̀, ó dá ìjọ sílẹ̀ ní 1987. Sonny Okosuns bọ́ sínú orin ìyìn. Ebenezer Obey lọ wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún padà sídìí jùjú. Ìwọ náà á rí ọ̀nà tìrẹ.

Orin orí YouTube ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Gángan ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó lókìkí jù nínú wọn, kó tó kan ohùn rẹ, o kọ ọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn ìlù bàbá rẹ̀ ṣẹ́kù sí láyé báyìí. Tí o bá yọ ọ́, o sun ún lẹ́ẹ̀kejì. Bi í léèrè kí o tó ṣe ohunkóhun, kí o sì pín owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Yé pè é lórí fóònù. Lọ sílé rẹ̀ fúnra rẹ, ní ọ̀sán, kí o mú àgbàlagbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún dání. Má mú pásítọ̀ lọ, má mú ìwé ìwàásù lọ, má sọ ẹ̀rí rẹ fún un. Dọ̀bálẹ̀. Sọ pé: "Bọ̀ọ̀dá, mo jí ìlù yín, mo sì sun ún." Má fi "ṣùgbọ́n" kankan sí i. Bi í ní iye tó ń béèrè fún ìlù náà, bi í ní iye òde tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá, iye tó bá dá, má nájà. Tí owó ọwọ́ rẹ ò bá tó, Corolla wà níbẹ̀. Àwọn akọrin ìjọ á wọ dáńfó.

Pásítọ̀ rẹ náà ní tirẹ̀ láti san. Àgbà ni, òun ló dúró síwájú, kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ìlù yìí kó tó ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Fi lẹ́tà yìí hàn án. Tó bá ní Sátánì ló ń lò mí, Mátíù orí 5, ẹsẹ 23 àti 24 ni kí ẹ jọ ṣí: kí èèyàn fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá arákùnrin rẹ̀ parí ìjà ná. Ìyìn tí ò ń darí láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọrẹ ni. Gbé e sílẹ̀ ná. Sọ fún wọn pé o ní gbèsè tí ò ń lọ san.

Ó ṣeé ṣe kí bọ̀ọ̀dá lé ọ jáde. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ tí wàá fẹ́ sáré lọ kọ sínú lẹ́tà pé inúnibíni ni. Gbọ́ ọ títí dé òpin, kí o sì padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá gba owó náà tí kò sì dárí jì ọ́, o kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò, owó rẹ̀ lo san, o kò ra ìdáríjì.

Ní ti orúkọ ìtàgé, kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí o bá ti san owó gángan.