Ìyá mi máa ń sọ pé “Mo ti gbọ́”: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn wọn yé wọn lóòótọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn. Ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra, oògùn tí wọ́n ń lò kò sì kéré. Ìgbàkígbà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ṣàlàyé nǹkan fún wọn, wọ́n á ní, “Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun.” Bí mo bá wá bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, wọn kì í lè sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọpọlọ wọn sì pé. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní di ìjà láàárín èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀?

Ìdáhùn

Mo dúpẹ́ pé ẹ kò dá ìyá yín lẹ́bi, nítorí ẹ̀bi wọn kọ́. “Mo ti gbọ́” tí àgbàlagbà ń sọ fún dókítà, ọ̀wọ̀ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà: wọn kò fẹ́ dá ẹni tó ń kánjú dúró, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n lè bí máa wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ẹ tún fi ti ara ríro àti ìbẹ̀rù kún un. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ sọ pé nínú àlàyé tí oníṣègùn bá ṣe fún aláìsàn, ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń fò lọ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àti pé bí àlàyé náà bá ṣe gùn tó ni èyí tí yóò gbàgbé ṣe ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni èyí ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn ńlá kan fún un tán, ohun tí wọ́n bá sọ tẹ̀ lé e kì í sábà wọ̀ ọ́ létí.

Kí ènìyàn lè ka àkọlé ara ìgò oògùn gan-an kò tó ẹ̀rí. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa aláìsàn 395 tí wọ́n fi àkọlé oògùn hàn. Ọ̀kan nínú àwọn àkọlé náà ní kí ènìyàn lo hóró méjì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ ohun tí àkọlé náà wí bó ṣe tọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi iye hóró tí wọn yóò lò lóòjọ́ hàn, bí ìdá 35 péré ló gbà á, ìyẹn hóró mẹ́rin. Ẹnu mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n yé béèrè “Ṣé ó yé yín?” lọ́wọ́ aláìsàn, nítorí “Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ni ìdáhùn tí ìbéèrè yẹn ń bí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, kí ẹni tó ṣàlàyé sì gba ẹrù ọ̀rọ̀ náà sórí ara rẹ̀ kó má baà dà bí ìdánwò. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé: “Màmá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ọmọ yín bá pè yín lálẹ́ òní, tó béèrè bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn tuntun yìí, kí lẹ máa sọ fún un?” Bí ìdáhùn wọn bá wọ́, àlàyé ló yẹ kó yí padà, kí a tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lóhùn tó ga jù ti àkọ́kọ́ lọ kò ràn wá lọ́wọ́. Nǹkan méjì tàbí mẹ́ta ló sì yẹ kí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọjá sí òmíràn.

Kó má baà di ìjà, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ara yín tún ohun tí ẹ gbọ́ sọ. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ tún un ṣe fún mi níbi tí mo bá ti ṣì í.” Kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò bínú sí èyí, ìyá yín yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dójú tì wọ́n.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ọwọ́ ni kí ó fi hàn. Bí ìyá yín bá ń gún abẹ́rẹ́ insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, fúnra wọn, kí nọ́ọ̀sì wo bí wọ́n ṣe ń yí i sí òǹkà ìwọ̀n oògùn tó tọ́, kí ìyá yín sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ara wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn bo wọ́n, tí ojú sì ń ṣú wọn, nítorí ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù, wọ́n sì ní láti tètè fi nǹkan dídùn sẹ́nu. Oògùn olómi ń kọ́? Ṣíbí ìdáná kò dọ́gba láti ilé sí ilé. Ife kékeré tàbí sìríńjì tó bá oògùn wá ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tí mo ti máa ń rí wàhálà jù ni ìgbà tí aláìsàn bá ṣí láti ibì kan sí òmíràn, bíi ti ìyá yín. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lórí ìpalára oògùn ní ọdún 2017, irú ìṣípòpadà yìí wà lára nǹkan mẹ́ta tó fi síwájú. Oògùn kan náà lè ní orúkọ méjì, ọ̀kan láti ilé ìwòsàn, ọ̀kan láti ilé ìtọ́jú, kí ènìyàn sì máa lo méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo oògùn wọn sínú ìwé kan: orúkọ rẹ̀, ohun tó wà fún, ìwọ̀n rẹ̀, àkókò rẹ̀, títí kan paracetamol àti àgbo. Ẹ kọ èyí tí wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró pẹ̀lú, nítorí òun làwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ fún ilé ìtọ́jú ní ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá sì ń lọ hóró oògùn mọ́ oúnjẹ wọn, ẹ bi apòògùn léèrè ná. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀, bí a bá sì lọ̀ wọ́n, oògùn odindi ọjọ́ kan á wọ ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé awò wà lójú wọn, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà létí wọn, ẹ sì pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ní “ọ̀rọ̀ kì í yé” tó jẹ́ pé bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn ló ti kú.

Ẹ gba àṣẹ ìyá yín, kí ó wà ní kíkọ, pé kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú wọn. Láìsí i, nọ́ọ̀sì tó kọ̀ láti dáhùn kò ṣẹ̀ yín. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn dí, ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ lè padà wá, kí ẹ sì mú ìbéèrè mẹ́ta péré lọ: kí ló ń ṣe ìyá mi gan-an, kí ló yẹ kí a ṣe, kí sì nìdí tí ó fi ṣe pàtàkì?

Gbogbo ohun tí mo wí yìí wà fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé bí ẹ ṣe sọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ọ̀rọ̀ ìyá yín dédé dàrú, tí wọn kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́ tàbí tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn. Àkóràn, àìmu omi tó, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tàbí oògùn tuntun lè fà á, dókítà sì gbọ́dọ̀ rí wọn lọ́jọ́ náà gan-an.