Ẹ kọ ọ̀nà ìpínyà kalẹ̀ kí ẹ tó gba kóòṣì

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní kóòṣì yín ti lọ, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 5 tí ẹ wà nínú rẹ̀ ti dín àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà kù sí 3, ọ̀sẹ̀ 6 ló sì kù kí líìgì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan gba láísẹ́ńsì UEFA A, ìwé ẹ̀rí kóòṣì ti ilẹ̀ Yúróòpù, lókè òkun. Ọ̀kan ti mú ẹgbẹ́ kúrò ní NNL, líìgì kejì Nàìjíríà, bọ́ sí NPFL, líìgì àgbà, rí. Ẹ̀kẹta ni igbákejì kóòṣì tó ń di ẹgbẹ́ náà mú lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa mú nínú wọn, àti ohun tí ẹ máa bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá jókòó síwájú yín.

Màá dé ibẹ̀. Àmọ́ mo ti jókòó sínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ìwé àdéhùn, pàápàá apá tó dá lórí bí kóòṣì yóò ṣe lọ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba kóòṣì tuntun, fọ́tò ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré sí. Wọ́n á gbé jẹ́sì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí dání, ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìjọba á sọ̀rọ̀ gígùn, kò sì ní sí ẹnìkan nínú wọn tó ka ojú ewé kejì ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7, tí ẹgbẹ́ bá ti pàdánù 4, àwọn ọ̀gá yẹn kan náà á fún kóòṣì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2 péré pé kó fi tún un ṣe. Wọ́n á lé e lórí rédíò kí lẹ́tà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ lẹ máa san gbèsè náà, àwọn kọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ₦800,000 ni kóòṣì ń gbà lóṣù, tí ìwé sọ pé ọdún 2, tí kò sì sọ nǹkan kan nípa ìpínyà. Bí ẹ bá lé e ní ìparí oṣù kẹrin, oṣù 20 ló kù nínú ìwé yẹn. ₦16,000,000 ló máa bèèrè, láì tíì ka owó ilé àti owó ìṣẹ́gun tí ẹ jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé bó bá rí iṣẹ́ mìíràn, àwọn adájọ́ lè yọ ohun tó ń gbà níbẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìwé ìrìnnà òkè òkun ni ẹni àkọ́kọ́ yín fi ń wá ṣiṣẹ́, ẹjọ́ náà lè dé FIFA. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 ni òfin FIFA ti ní apá tirẹ̀ lórí iṣẹ́ kóòṣì. Bí owó rẹ̀ bá ti pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ, yóò kọ̀wé sí yín, yóò sì fún yín ní ọjọ́ 10 ó kéré tán láti san án. Bí ẹ ò bá san, ó di ẹjọ́. Bí wọ́n bá dá yín lẹ́bi, tí ọjọ́ 45 sì kọjá tí ẹ ò tíì san owó náà, ẹ ò ní lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun kankan sílẹ̀ mọ́, ó sì lè gbà tó àsìkò ìforúkọsílẹ̀ 3 léraléra. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́: àwọn ọmọ kan á ti lọ, méjì á ti fi orúnkún pa, ẹ ò sì lè fi ẹnikẹ́ni dípò wọn. Ẹgbẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sáà pẹ̀lú ọmọ 16, tí yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, kò sí kóòṣì tó lè gbà á là. Ti ọmọ Nàìjíríà tó ń bá ẹgbẹ́ Nàìjíríà ṣiṣẹ́, ilé níbí lọ́dọ̀ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́.

Nítorí náà, ọdún 1 ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi kún un pé bí ẹgbẹ́ bá ṣe dé ipò báyìí-báyìí, ọdún kan yóò gorí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ iye owó ìpínyà ní náírà tàbí ní iye oṣù, bí oṣù 3, kì í ṣe "gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ". Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa wo iṣẹ́ rẹ̀: lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, àti lẹ́yìn 19 bó bá jẹ́ líìgì oní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, bíi pé bí póìntì kò bá pé 12 lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, ẹ lè pínyà pẹ̀lú owó oṣù 1. Ẹ má kọ "bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn". Kò sí adájọ́ tó mọ ibi tí ọrùn yín gùn dé. Láàárín ọjọ́ ìyẹ̀wò kan sí èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní gbèdéke lórí rédíò. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù 4 léraléra sábà máa ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí wọn kò tiẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá lé kóòṣì lákòókò yẹn á wá máa rò pé lílé náà ló ṣe é. Ẹ wo Clemens Westerhof, kóòṣì Super Eagles nígbà kan: ó dé Nàìjíríà ní 1989, ó ṣe ipò kejì ní Áfíríkà ní 1990, ipò kẹta ní 1992, kó tó gba ife náà ní Tùnísíà ní 1994.

Owó àṣeyọrí náà, ẹ kọ ẹni tó tọ́ sí bí kóòṣì bá lọ kí iṣẹ́ tó parí. Stephen Keshi ló mú Tógò yege fún Ife Àgbáyé 2006, Otto Pfister ló sì kó wọn lọ sí Jámánì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nílé níbí pẹ̀lú, tí kóòṣì méjì á máa bèèrè owó kan ṣoṣo.

Ẹ tún kọ ọ́ pé kóòṣì nìkan ló ń yan àwọn 11 tó máa wọ pápá. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ta ni kò mọ ìyẹn. Ẹ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìwé yẹn ni yóò fi hàn nígbà tí ọ̀gá kan bá fi orúkọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago 11 alẹ́ pé "ọmọ wa ni, ẹ fi í sí i." Ọmọ Yàgbà ni, ọmọ Ìjùmú ni, ọmọ Búnú ni, bọ́ọ̀lù kò mọ ìyẹn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ pé kóòṣì tó bá gba owó lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí aṣojú rẹ̀ kó tó fi í síwájú ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ láìsí owó ìpínyà.

Kóòṣì kì í dá nìkan dé. Yóò ní òun fẹ́ mú igbákejì wá, olùkọ́ àwọn aṣọ́lé, ẹni tó ń rí sí ara líle, ẹni tó ń wo fídíò, àti "àwọn ọmọ 8 tí mo mọ̀ dáadáa". Nínú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ gbà fún un láti mú 2. Ẹ má fọwọ́ kan olùkọ́ àwọn aṣọ́lé yín bí àwọn aṣọ́lé bá fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé àdéhùn olúkúlùkù wọn gbọdọ̀ dá wà lọ́tọ̀, kí ó sì sọ bóyá wọ́n ń bá kóòṣì lọ tàbí wọ́n ń dúró. Ti agbábọ́ọ̀lù, 3 ti tó lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹlòmíì yàtọ̀ sí i ti wò wọ́n, kí dókítà sì ti yẹ orúnkún àti ọkàn wọn wò. Bí ẹ bá gba gbogbo àwọn 8, tí ẹ fún wọn ní ọdún 2-2, tí kóòṣì lọ ní oṣù kẹrin, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní fẹ́ wọn. Wọ́n á máa jẹun ní ọgbà yín títí ìwé wọn á fi parí.

Láísẹ́ńsì: ẹ ní kí wọ́n mú ojúlówó wá, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ sì fi orúkọ náà bèèrè lọ́wọ́ NFF tàbí àjọ tó fún un. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ń béèrè láísẹ́ńsì A tirẹ̀ tàbí èyí tó bá a dọ́gba lọ́wọ́ kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ tó bá lọ gbá ìdíje ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ti líìgì yín, ẹ ka ìwé òfin sáà yìí. Kò ju ọjọ́ kan lọ.

Ìwé ẹ̀rí kò sọ bóyá ènìyàn lè kọ́ni, nítorí náà ẹ wò ó lórí pápá. Ẹ ní kí olúkúlùkù wọn darí ìdánrawò kan fún ìṣẹ́jú 75 pẹ̀lú àwọn ọmọ yín gan-an, ọmọ 18 àti aṣọ́lé 2. Aago 7 àárọ̀ ni kí ẹ fi í sí, kí ooru tó dé. Bọ́ọ̀lù 8 péré ni kí ẹ kó fún un, nítorí iye tí yóò máa rí nìyẹn lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Ẹ sọ ohun tó máa kọ́ wọn fún un ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù jáde láti ọ̀dọ̀ aṣọ́lé nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá sá wá ká wa mọ́ ibẹ̀. Kí ẹnìkan nínú yín mú aago dání, kó tẹjú mọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ká sọ pé ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì, kó máa ka iye ìṣẹ́jú tó fi dúró lórí ìlà láìṣe nǹkan kan. Bó bá kọjá 25 nínú 75, kóòṣì yẹn kò mọ bí a ṣe ń ṣètò ìdánrawò.

Kí ẹlòmíì dúró nítòsí láti gbọ́ ohun tó ń sọ nígbà tó bá fọn fèrè dá wọn dúró. "Ẹ gbìyànjú! Ẹ sáré!" kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà 6, ẹni tó ń gbá àárín níwájú àwọn ẹlẹ́yìn, tó fi ọwọ́ yí ejìká rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó ní "báyìí ni kí o dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá rí aṣọ́lé, wàá sì rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ," tó wá ní kí wọ́n tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tó bá mọ orúkọ ọmọ 10 kí ìdánrawò tó parí.

Nígbà tó bá jókòó síwájú yín, ẹ má bi í ní "kí ni ìlànà rẹ". Ẹ fún un ní fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yín kan ní ọjọ́ 2 ṣáájú, kó wá fi han yín. Ẹ ní kó mú fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ pàdánù wá, kó sọ ohun tó ṣe tí kò tọ̀nà. Ẹni tó bá jẹ́ pé rẹfirí nìkan ló rí bá wí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa ọ̀sẹ̀ tó le: ẹ gbá bọ́ọ̀lù ní Kánò lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì gbé yín dé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ tún ń gbá nílé ní Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ sì ti mú ilẹ̀ pápá le bíi kọnkéré. Kí ló máa ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Bó bá ní òun á kó wọn lọ sáré gun òkè, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín á máa fà ya láti oṣù Kìíní títí sáà á fi parí. (Bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ètò ẹgbẹ́ pé kò gbọdọ̀ rìn lóru. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí láti Òkéné sí Lọ́kọ́jà. Owó hótẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kò tó owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ajínigbé máa bèèrè.)

Ẹ pe àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́. Alága kò ní sọ òótọ́ fún yín: bó bá fẹ́ kó kúrò, yóò yìn ín, bó bá jẹ ẹ́ lówó, yóò bà á jẹ́. Ẹ pe ẹni tó ń fọ jẹ́sì, ẹ pe balógun ẹgbẹ́, kí ẹ sì pe ọmọ kan tó fi sórí bẹ́ńṣì jálẹ̀ sáà.

Ó wá kan àwọn 3 yín. Ẹni tó gba UEFA A, bí ìdánrawò rẹ̀ kò bá ta yọ ti àwọn yòókù, ẹ má torí láísẹ́ńsì yẹn mú un. Ẹnìkejì, ẹ wo ohun tó ní lọ́wọ́ níbi tó ti yege: iye owó, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, póìntì tó kó nígbà tó bá lọ gbá nílé ẹlòmíì. Kennedy Boboye gba líìgì pẹ̀lú Plateau United ní 2017, ó tún gbà á pẹ̀lú Akwa United ní 2021. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bá a lọ sí ìlú méjì kì í ṣe alábàápàdé. Igbákejì yín mọ àwọn ọmọ, owó rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ni Daniel Ogunmodede ti wà pẹ̀lú Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ pẹ́ kó tó gba líìgì 2024/25 fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un, ẹ fún un ní ìwé àti owó kóòṣì àgbà. Ẹ má pè é ní adelé fún oṣù 5 kí ẹ lè máa san owó igbákejì fún un. Ọgbọ́n àwọn ọ́fíìsì nìyẹn, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Wọn kì í tẹ́tí sí ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó lè lọ lọ́la. Bí gbogbo ìyẹ̀wò bá fi wọ́n dọ́gba, ẹnìkejì ni èmi á mú, tí igbákejì á sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó tó gbé pẹ́ẹ́lí sí i, nítorí ọ̀sẹ̀ 6 kò tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí líìgì wa ṣe rí.

Kí ẹ tó kéde, ẹ pe igbákejì yẹn fúnra yín, ẹ sọ fún un. Òun ló máa gbé kóònù kalẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì.