Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga epo rọ̀bì sórí ilẹ̀ ẹbí wa ní Ìlàjẹ, kí ló tọ́ sí wa?

Ẹ má retí owó epo fúnra rẹ̀. Abala 44(3) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni epo rọ̀bì àti gáàsì, ì báà jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ bàbá yín ló wà. Ní Amẹ́ríkà, onílẹ̀ lè gba ìpín nínú epo; tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà.

Owó gbà-má-bínú lẹ lè bèèrè, fún ohun tó wà lórí ilẹ̀: irè oko, ọ̀pẹ, ilé, adágún ẹja. Nítorí náà, kí katakata tó wọlé, ẹ ka igi yín níkọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ dídíyelé dúkìá. Bí wọ́n bá ti ro igbó náà tán, ta ló máa gbà pé ọgọ́rin ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀? Ẹ má kàn fọwọ́ síwèé nítorí pé ọmọ ìlú ló gbé e wá o.

Ti ìlú yàtọ̀. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sí àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Iṣẹ́ ìlú ni owó náà wà fún, kì í ṣe àpò ẹbí kan. Bí àwọn ará ìlú bá sì ba ọ̀pá epo jẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ owó àtúnṣe.