Máńgòrò Òmù-Àrán ta ọmọ mi lẹ́nu, ṣé ká má lọ mọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin là ń gbé àmọ́ Òmù-Àrán ni ilé bàbá ọkọ mi, ọdọọdún tí wọ́n bá ti gba ọlidé Ẹ́sítà báyìí gbogbo ẹbí á kó sínú bọ́ọ̀sì, a gba Àjàsẹ́-Ìpo ó di ilé, a ń lọ já máńgòrò nìyẹn, igi mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń pàdé nídìí ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ ti sú, ó ń yún un, ètè ẹ̀ wú. Ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá ọkọ mi ní àwa la fà á, pé kẹ́nikẹ́ni tó fi gọ̀gọ̀ kan igi, èyí tó bá kọ́kọ́ já bọ́ fúnra ẹ̀ la gbọ́dọ̀ gbé fún àgbà ilé kó tọ́ ọ wò, a ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlidé tún ti ń bọ̀ o. Ṣé ká jókòó sílé ni àbí ká máa ra tọjà?
Ìyá Àdùkẹ́, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ lọ jàre. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba, owó ni wọ́n ń san fún olóko kí wọ́n tó ráàyè wọlé lọ já strawberry nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ẹ̀yin ní igi mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ jókòó sílé.

Oje ló ta ọmọ yẹn. Tẹ́ ẹ bá já máńgòrò tó ti gbó tí ò tíì pọ́n, ẹ wo ọrùn ẹ̀ níbi tó ti kúrò lára igi, oje kan á tú jáde, òun gan-an ni. Ẹbí kan náà ni máńgòrò àti kajú, ẹ sì mọ bí epo inú èèpo kajú ṣe máa ń bó àwọn ọmọ lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń yan án. Ohun tó jọ ọ́ ló wà nínú oje máńgòrò àti lára èèpo ẹ̀. Ẹlòmíì á jẹ ẹ́ títí kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ti ẹlòmíì á sú, ó sì lè di ọjọ́ kejì kó tó yọ, nígbà yẹn ta ló tún máa rántí máńgòrò, gbogbo ẹni tó kí ọmọ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á ti máa fura sí. Bá a ṣe ń jẹ ẹ́ ní kékeré náà ńkọ́? A á feyín gé orí ẹ̀, a á máa fà á mu, toje tèèpo.

Ẹ má bá Màmá jiyàn o. Èyí tó pọ́n tó já bọ́ fúnra ẹ̀, oje ọrùn ẹ̀ ò tó ti èyí tẹ́ ẹ fi gọ̀gọ̀ fà, tíyẹn bá sì ti ń bọ́, ẹ mọ̀ pé tòkè ti gbó nìyẹn. Ẹ gbé àkọ́bọ́ fún wọn lọ́dún yìí, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa.

Tó bá wá kan jíjá, ẹ jẹ́ kí ọrùn ẹ̀ gùn díẹ̀ lára èso. Tẹ́ ẹ bá kó o sílẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá gé ọrùn yẹn, kẹ́ ẹ dojú ibi tẹ́ ẹ gé délẹ̀ lórí àpò àtijọ́ bíi wákàtí kan sí méjì, oje á ro jáde, ẹ fomi fọ̀ ọ́. Kí ẹlòmíì bá Àdùkẹ́ bó o, kó gé e sí abọ́ fún un. Tó bá tún sú, ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi róòbù pa á, ó máa ta á sí i ni. Àmọ́ tójú bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti ọjà tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn kan máa ń já a ní tútù tí wọ́n á fi kábáìdì mú un pọ́n, NAFDAC ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ torí májèlé àáséníìkì tó máa ń wà nínú kábáìdì yẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ á yẹ́lò rekete, inú á le, kò ní dùn. Tiyín tí ò bá tíì pọ́n, ẹ kó o sínú àpò pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n méjì, kẹ́ ẹ dì í lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí máńgòrò wa fi máa ń ní ìdin tójò bá ti bẹ̀rẹ̀?
Bàbá kan, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Eṣinṣin ló ń yé ẹyin sábẹ́ èèpo ẹ̀, Bàbá. Èyí tó burú jù nínú wọn, Éṣíà ló ti wá, ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, òjò ló sì máa ń jẹ́ kó pọ̀. Ẹ tètè já tiyín kójò tó lágbára. Èyí tó bá jẹrà sílẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ nídìí igi, inú ilẹ̀ ni ìdin yẹn máa wọ̀ tó fi máa di eṣinṣin. Ẹ ṣà á sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ so ó pinpin, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn bí ọ̀sẹ̀ méjì.